Ọkọ̀ Ìmọ́lẹ̀ Bàbá Àjàgbé

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá Àjàgbé wá sí ẹ̀ka físíìsì ní yunifásítì tó dojú kọ Agbowó, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹrin, ọ̀gá ẹ̀ka náà kó ìwé ìṣirò tó mú wá lé Moróunkẹ́ lọ́wọ́.

"Dókítà, ẹ bá mi dá wọn lóhùn. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n má wá mọ́."

Ọdún 1986 ni. Moróunkẹ́ kò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Ẹrù tí ẹlòmíràn ò bá ti fẹ́ rù, òun ni wọ́n ń gbé e kà lórí. Ó di ìwé náà lọ sílé ní Bódìjà, ìwé ẹ́sásáìsì méje tí bàbá fi ọ̀rá wé. Ó rò pé òun yóò kàn ṣí ojú ewé méjì, òun yóò sì rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín.

Kò rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ ojú irin ni bàbá kó tó fẹ̀yìn tì, inú ìwé àlòkù tó ń rà ní Dùgbẹ̀ ló ti kọ́ ara rẹ̀ ní ìṣirò. Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣírò bí aago ṣe ń falẹ̀ nínú ọkọ̀ tó bá ń sáré súnmọ́ eré ìmọ́lẹ̀, ìṣirò náà sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kẹrin, níbi tó ti ya ọkọ̀ tí yóò gbé èèyàn dé ọ̀dọ̀ ìràwọ̀, Moróunkẹ́ rí àléébù. Àpótí ńlá tó dé pinpin ni ọkọ̀ náà. Àtùpà kan wà lẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á máa lu ògiri iwájú, á sì máa tì í lọ. Bàbá kò ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ti àtùpà náà sẹ́yìn bó ṣe ń jáde. Orí àṣìṣe yẹn ni ìwé mẹ́ta tó kù dúró lé. Inú Moróunkẹ́ bàjẹ́ bí ẹni pé òun ló ṣì í.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, bàbá dé láti Àpáta. Moróunkẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Ó ti to ọ̀rọ̀ dídùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó wo ojú bàbá, kò lè sọ ọ́.

"Mo kà á tán, sà."

"Méjèèje?"

"Méjèèje. Bàbá, bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀ ojú irin tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, tí ẹ wá ń fi gbogbo agbára ti ògiri iwájú, ṣé ó máa lọ?"

"Báwo ló ṣe máa lọ? Ẹsẹ̀ mi náà á máa ti ilẹ̀ ọkọ̀ sẹ́yìn."

"Bí ìmọ́lẹ̀ inú àpótí yín ṣe rí náà nìyẹn, sà."

Bàbá mú ìwé kẹrin, ó ṣí ojú ewé náà láìwá a, ó fi ìka tẹ àtùpà.

"Mo mọ̀ pé ibí yìí ń yọ mí lẹ́nu. Ọdún mọ́kànlá, Dókítà."

Moróunkẹ́ dìde síbi pátákó. "Ẹ jẹ́ ká ṣí ẹ̀yìn àpótí náà, kí ìmọ́lẹ̀ máa jáde. Ìyẹn á lọ, sà, àmọ́ agbára tó máa jẹ kò kéré." Ó ṣírò ti ọkọ̀ ojú irin kan tó ń sá ìdajì eré ìmọ́lẹ̀: gbogbo iná mànàmáná tí dáàmù Kàǹjì ń mú wá, fún ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélógún ọdún, láìtíì ka èyí tó máa ṣòfò. Bàbá da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé rẹ̀.

"Awakọ̀ ọ̀hún ńkọ́? Bó bá lọ tó bọ̀, ṣé òótọ́ ni pé ọmọ rẹ̀ lè ti dàgbà jù ú lọ?"

"Bí eré náà bá pọ̀ tó, òótọ́ ni, sà."

"Èmi ò tiẹ̀ sáré tó bẹ́ẹ̀. Ojú irin Kánò ni mo wà nígbà tí Àpínkẹ́ ọmọ mi ń kọ́ ìrìn. Kí n tó gbójú sókè, ó ti mú ọkọ wá hàn mí." Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó rẹ ohùn náà sílẹ̀. "Ẹ̀yìn ni mo fẹ́ kí ọkọ̀ mi gbé mi lọ, sí ìgbà tó ti kọjá. Ṣé kò sọ́nà?"

"Ti iwájú ni ìṣirò fọwọ́ sí, sà. Ti ẹ̀yìn, kò tíì sẹ́ni tó rí i."

Bàbá mi orí, ó kó ìwé rẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Moróunkẹ́ kò lè jẹun ọ̀sán ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó bá bàbá lẹ́nu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Ó rò pé ìjà ni bàbá bá wá.

"Òdo kan, Dókítà," ni bàbá wí. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélógún kọ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé ọgbọ̀n ni. Ibi tí ẹ ti pín in lẹ ti gbàgbé rẹ̀."

Moróunkẹ́ gbé bébà lé ara ògiri, ó tún un ṣírò lóòró. Òótọ́ ni. Ojú tì í, ẹ̀rín sì pa á. Ni bàbá náà bá bú sẹ́rìn-ín.

"Mo ní kíláàsì ní aago mẹ́wàá, sà. Inú ìwé nìkan làwọn ọmọ yẹn ti ń kà nípa bí ohun tó wúwo ṣe ń ṣòro dá dúró. Ẹ bá mi wá sọ ọ́ fún wọn."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin, sà."

Ní aago mẹ́wàá, bàbá dúró níwájú ọgọ́rin akẹ́kọ̀ọ́. Ó kọ́kọ́ ń kólòlò. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lápá Jẹ́bà, wágùnù méjìlélógún tó kún fún ẹ̀pà so mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, ó ti tẹ bíréèkì pátápátá, ọkọ̀ ò dúró. Moróunkẹ́ wá àyè lẹ́yìn láàárín àwọn ọmọ, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.