Ọjọ́ Tí A Fọ Pẹ́pẹ́yẹ Lódò

Mo tọwọ́ bọ ìwé pé mi ò ní sọ ohun tí mo gbọ́. Bí mo bá sọ, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ fún ọmọ mi.

Ilé tí àwọn tó wá láti Mọsíkò, olú ìlú wa, láti yẹ odò wò wọ̀ sí ní abúlé wa ni mo ń gbá. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, Tàmárà, tó máa ń gbé àpótí kékeré kan kiri odò. Lọ́jọ́ kan ó gbé e sún mọ́ pẹ́pẹ́yẹ mi, àwọn ńlá ọlọ́rùn gígùn tí gbogbo wa ń sìn. Àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í ké tá-tá-tá, kò dákẹ́. Mo ní kí ló dé. Ó wẹ̀yìn kó tó dáhùn.

"Ìyá, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín wọ odò yẹn mọ́. Ìdọ̀tí bọ́ǹbù ni ilé iṣẹ́ ńlá òkè odò yẹn ń dà sínú ẹ̀, òun ni àpótí yìí ń ké sí. Inú eegun ló ń wọ̀."

"Ṣé wọn ò lè dá a dúró ni?"

"Ta ló máa dá a dúró? Amẹ́ríkà ti ṣe bọ́ǹbù tiwọn, wọ́n ṣì ń ṣe sí i. Àwọn ọ̀gá ní bá a bá sinmi lọ́jọ́ kan, Amẹ́ríkà á sun wá di eérú."

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, ẹ̀rù ohun tó sọ ti ba Tàmárà. Ó gbé ìwé wá. Mi ò lè ka gbogbo rẹ̀ tán, àmọ́ mo rí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n níbẹ̀. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ìjọba ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún sétí odò, wọn ò sọ ìdí fẹ́nikẹ́ni. Àwọn èèyàn gé e. Omi kànga wa, iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tí yìnyín àkọ́kọ́ bọ́, ọjọ́ pípa pẹ́pẹ́yẹ pé. Àwa ẹ̀yà Tátà, ọ̀wẹ̀ la fi ń ṣe é. Àwọn ọmọbìnrin á tu ìyẹ́, wọ́n á fi ọ̀pá gbé ẹran kọ́ èjìká, wọ́n á lọ fọ̀ ọ́ nínú omi tó ń ṣàn. Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ ò ní pọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn ìyá tó ń wá ìyàwó fọ́mọ á tò sójú ọ̀nà, wọ́n á máa wò wọ́n. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Fáírúsà mi. Òun nìkan ni mo ní. Bàbá rẹ̀ kò ti ogun dé.

Ilé Hàdíṣà, àgbà àdúgbò wa, la ti pa pẹ́pẹ́yẹ lọ́dún náà. Mo rọra sún mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi omi kànga fọ̀ ọ́ lọ́dún yìí."

"Omi oníyọ̀ yẹn? Ẹ gbọ́ o! Àtìgbà tí Màhírà ti ń gbálẹ̀ fáwọn ará Mọsíkò, odò wa ti dọ̀tí lójú ẹ̀!"

Ilé hó fún ẹ̀rín. Mo di ọwọ́ Fáírúsà mú.

"Má lọ. Òtútù pọ̀."

"Màmá, Ìyá Sàbíì ti dúró sójú ọ̀nà. Ṣé ẹ fẹ́ kí n darúgbó sílé yín ni?"

Ó já ọwọ́ gbà, ó lọ.

Mo gba ẹ̀yìn ilé, mo sáré bá Grìgórì, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ odò. Ó wà lórí ẹṣin. Wọ́n ti fún un ní pẹ́pẹ́yẹ kan, ó so ó mọ́ gàárì.

"Ọ̀gá, ẹ lé wọn. Ṣebí iṣẹ́ yín ni."

"Ìwọ nìkan ló máa ń fẹ́ kí n ṣiṣẹ́." Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó tẹ̀ba látorí ẹṣin, ó wo ojú mi. "Kí ló wà nínú odò náà, Màhírà? Ta ló sọ fún ẹ?"

Mo rí àwọn ọmọ náà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ létí odò. Mo ní láti dáhùn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, wọn ì bá sì dúró.

"Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Òtútù ni mo ń rò."

"Ó dáa," ló wí. "Lọ sílé."

Mi ò lọ sílé. Mo dúró, mo ń wò. Fáírúsà wọ inú omi dé orúnkún. Ó ń fọ̀, ó ń bu omi lu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń pariwo. Mẹ́fà ni wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní màmá, mi ò sì sọ fún ìkankan nínú àwọn màmá náà.

Ní àṣálẹ́ a jẹ ẹran náà. Bí mi ò bá jẹ, wọ́n á béèrè. Mo jẹ.

Ìyá Sàbíì wá sílé wa lọ́sẹ̀ kejì pẹ̀lú búrẹ́dì àti oyin. Ó ní ọmọ mi ò bẹ̀rù òtútù, irú ìyàwó tí òun ń wá nìyẹn. Mo bi í níbo ni tọkọtaya á máa gbé.

"Lókè odò lọ́hùn-ún," ó ní, "ìtòsí ilé iṣẹ́ ńlá yẹn. Ẹnu ọ̀nà wọn báyìí, odò ni. Kò ní máa rìn jìnnà kó tó pọnmi."

Fáírúsà ń wo ẹnu mi. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti bo ẹ̀rín rẹ̀.

Mo ní, "Ọlọ́run á bá wa fọwọ́ sí i."