Ibi Tí Husnah Ti Lè Mí

Ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ná: wọ́n ní kí n gbé ọmọ mi kan ṣoṣo fún ẹlòmíì nítorí afẹ́fẹ́. Kì í ṣe pé a kò rí oúnjẹ fún un o. Kì í ṣe pé èmi àti bàbá rẹ̀ ń jà. Afẹ́fẹ́ lásán, èyí tí Ọlọ́run ń fún ewúrẹ́ àti adìyẹ lọ́fẹ̀ẹ́, òun ni wọ́n ní tiwa ní Pápá Àjàó kò dára tó fún Husnah.

Àmúdàtù ni orúkọ mi. Télọ̀ ni mí, yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ni mo máa ń rán jù. Mùktárù ọkọ mi ń rán awọ àga mọ́tò, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sílé. Yàrá kan àti pálọ̀ la háyà, fèrèsé wa kọjú sí ọgbà àwọn mẹkáníìkì. Ẹni tó bá mọ Mushin nígbà tí àwọn ológun ń fi tipátipá mú wa gbálẹ̀ ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, onítọ̀hún á mọ irú ibẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ níwájú, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn. Ààtàn tí ẹnikẹ́ni kò bá wá kó, a ó dáná sun ún. Lẹ́yìn ògiri wa gan-an ni Ọ̀jẹ̀túndé wà, ọkùnrin kan tó ń ra wáyà ògbólógbòó, tó ń sun rọ́bà ara rẹ̀ kí ó lè rí kọ́pà inú rẹ̀ tà. Èéfín wáyà yẹn dúdú, ó sì máa ń ta lọ́nà ọ̀fun. Bí mo bá sá aṣọ funfun láàárọ̀, kí oòrùn tó kanrí á ti lámì dúdú tótòtó. Bí Husnah bá fun imú, dúdú náà ló ń jáde.

Mo bá Ọ̀jẹ̀túndé jà títí, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Á ní, "Ìyá Husnah, ẹ má bínú, iṣẹ́ ni." Ọjọ́ kejì, á tún ṣáná. Nígbà tó yá, èmi náà dákẹ́. Èkó ni, ẹni tó wá sí Èkó kò wá mí, iṣẹ́ ló wá ṣe.

Mùktárù ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń bá òórùn náà jà. Nínú ìdílé wọn, ní àṣálẹ́ Alàmísì, bí wọ́n bá ti kírun Mágàríbì tán, baálé ilé á da ẹyin iná sínú àwo amọ̀ kan, á bu tùràrí lé e, á máa gbé e káàkiri yàrá, á máa ṣe asalátù. Bí bàbá rẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n ní àwọn màláíkà kì í wọ ilé tó ń rùn. Ọkùnrin nìkan ló ń gbé àwo náà, obìnrin kì í fọwọ́ kàn án. Nígbà tí òórùn rọ́bà wá ń bá wa gbélé, Mùktárù ní Alàmísì nìkan kò tó mọ́, ó sọ ọ́ di alaalẹ́. Mo kí i pé ó ṣeun. Ta ló fẹ́ kí ọmọ òun máa gbóòórùn rọ́bà sùn?

Husnah pé ọmọ ọdún mẹ́fà ni ikọ́ fée mú un, èyí tí wọ́n ń pè ní ásímà. Á bẹ̀rẹ̀ bí ikọ́ lásán. Tó bá yá, àyà rẹ̀ á máa dún fée, fée, èjìká rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, á di ọwọ́ mi mú ṣinṣin. Kì í sunkún, torí pé kò rí èémí tí ó fẹ́ fi sunkún. Ẹ̀rù yẹn kò ṣeé sọ fún ẹni tí kò rí i rí.

Sátidé ìgbálẹ̀ kan ló le jù. Gbogbo àdúgbò ti gbá ìdọ̀tí jọ, wọ́n ń sun ún níwájú ilé kálukú, òde ṣú bí ìgbà tí òjò fẹ́ rọ̀. Husnah ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Ètè rẹ̀ dúdú. A gbé e dé ọsibítù, Ọlọ́run bá wa ṣe é, wọ́n rí i gbà là. Dókítà, obìnrin kan tó tutù lẹ́nu, sọ fún wa pé, "Èéfín ni ọ̀tá ọmọ yín. Ẹ gbé e jìnnà sí èéfín. Bí ẹ bá ní èèyàn ní ìlú tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ mọ́ ju tibí lọ, ẹ jẹ́ kó lọ gbé ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ká wò ó bóyá á gbádùn."

A ní èèyàn. Àǹtí Sùwébátù, ẹ̀gbọ́n Mùktárù obìnrin, ń gbé ní Òṣogbo. Ọkọ rẹ̀ ti kú, Ọlọ́run kò sì fi ọmọ jíǹkí rẹ̀. Òun nìkan ló wà nínú ilé ńlá tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Ó gbọ́, kò sì pẹ́ tó fi dé. Kò tíì jókòó tó ti fi ìka nu ojú fèrèsé wa, ó sì na ìka náà sí mi.

"Ìyàwó wa, ṣé èyí lọmọ ń fà símú?"

"Àǹtí, ekuru wà ní Òṣogbo náà," ni mo sọ. "Tiyín pupa, tiwa dúdú, imú kan náà ló ń gba méjèèjì."

"Pupa kò gbé ọmọ dé ọsibítù," ló fi dá mi lóhùn.

Ó wá yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó ní òun á mú Husnah lọ títí di Iléyá. Bí ikọ́ náà bá ń yọ ọ́ lẹ́nu lọ́hùn-ún, a ó mú ọmọ wa padà. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá le, ọ̀dọ̀ òun ni yóò dúró, ibẹ̀ ni yóò ti wọ iléèwé, ibẹ̀ ni yóò dàgbà sí. "A kò lè máa gbé ọmọ lọ gbé ọmọ bọ̀ bí ẹrù," ló wí. Mùktárù wò mí, ó wolẹ̀, ó ní, "Ẹ̀mí ló jù, Àmúdàtù." Irọ́ kọ́ ló pa. Mo gbé e mì bí oògùn kíkorò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún yín. Bí mo ṣe ń gbàdúrà kí ọmọ mi gbádùn ni nǹkan kan ń sọ nínú mi pé kó wúkọ́ díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí n lè rí i gbà padà. Èèmọ̀ ni kí abiyamọ máa ro irú ìyẹn. Gbogbo ìgbà tí ọlọ́jà kan bá ti Òṣogbo dé, iṣẹ́ kan náà ló ń bá wa jẹ́: Àǹtí ní ẹ kú ilé, ọmọ kò wúkọ́. Mùktárù á ní alhamdulillahi. Èmi náà á ní alhamdulillahi, màá sì wọ yàrá lọ.

Iléyá ku díẹ̀, àwa méjèèjì wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo. Àṣálẹ́ Alàmísì la débẹ̀. Husnah sáré pàdé wa. Mo ní ó sáré. Ọmọ tí kò lè ti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu géètì láìdúró mí, ó sáré láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún, ó bọ́ sí mi láyà. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ó wá bojú wẹ̀yìn, ó ké sí Àǹtí Sùwébátù, "Màámi, wọ́n ti dé." Mo gbọ́ ọ. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọ̀hún kò dénú.

Aṣọ funfun kún orí okùn ní ẹ̀yìnkùlé Àǹtí, ó mọ́ tónítóní. Kò sọ nǹkan kan sí mi lórí aṣọ náà, ó kàn jẹ́ kí n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bù ṣe. Tí Iléyá bá ti kọjá, èmi àti Mùktárù á padà sí Èkó, ọmọ á kù síbẹ̀.

A kírun Mágàríbì tán. Mùktárù ní òun fẹ́ ṣe ọpẹ́ fún Ọlọ́run tó wo ọmọ òun sàn. Ó ti ra tùràrí dání láti Ọ̀yìngbò, ojúlówó. Ó wá àwo amọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èyí tí kò rí iná láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú torí pé kò sí ọkùnrin tí yóò gbé e. Ó da ẹyin iná sí i, ó bu tùràrí lé e, ó ń gbé e yí pálọ̀ ká, ó ń ṣe asalátù, òórùn dídùn gba gbogbo ilé. Ó gbé e dé ọ̀dọ̀ Husnah, ó yí i po lórí ọmọ náà kí ìbùkún lè kàn án.

Husnah wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Kí n tó dìde, àyà rẹ̀ ti ń dún fée.

Mo gbé e, mo sáré jáde sí ojúde. Àǹtí ti mú oògùn tí dókítà fún un dání, ó fi sí i lẹ́nu, ó fún un lómi, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. A jókòó sórí pèpéle nínú afẹ́fẹ́, èmi ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Díẹ̀díẹ̀, èjìká rẹ̀ rọlẹ̀. Ó mí. Ó tún mí. Ó ní ebi ń pa òun.

Mùktárù dúró sẹ́nu ọ̀nà, àwo náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rú. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Àǹtí, a ti gbé Èkó wá bá a. Ó wà lára aṣọ wa, ó wà nínú irun wa. Ó yẹ ká fi ọmọ yìí sílẹ̀ fún yín pátápátá, ká má tiẹ̀ máa wá kí i mọ́."

Ayé mi dúró. Ẹ ronú ohun tó ń sọ: kì í ṣe pé n kò ní tọ́ ọmọ mi nìkan, n kò tún ní lè fojú rí i. Mo sì mọ̀ pé bí Àǹtí bá mi orí lásán, ó ti tán nìyẹn. Òun ló kàn láti sọ̀rọ̀. Ó ti rí ọmọ tó ń pè é ní Màámi, ó ti rí àbúrò rẹ̀ tó fi ọmọ lọ̀ ọ́. Kò ní ju kó dákẹ́ lọ.

Àǹtí kò dákẹ́. Wọ́n dìde, wọ́n lọ gba àwo náà lọ́wọ́ àbúrò wọn, bí wọ́n ṣe jẹ́ obìnrin tó, wọ́n sì da omi sí i. Ó dún ṣàà.

"Mùktárù, kí ni dókítà ní ọ̀tá ọmọ yìí jẹ́?"

"Èéfín ni, Àǹtí."

"Kí ló ń jáde nínú àwo yìí?"

"Tùràrí ni. Àǹtí, tùràrí kọ́ ni..."

"Àtìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ mi, kò wúkọ́, kódà nígbà tó dì mọ́ ìyá rẹ̀ lónìí. Àtìgbà tí ẹ ti dé, kò sí ohun tó yí padà nínú ilé yìí ju àwo yìí lọ. Ṣé Alàmísì nìkan lo ń gbé e ní Èkó?"

Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, "Alaalẹ́ ni, Àǹtí. Ìdí bẹ́ẹ̀dì ọmọ ló máa ń gbé e sí títí iná rẹ̀ yóò fi kú."

Mùktárù jókòó sílẹ̀, ó fọwọ́ bojú. Kò sí ẹni tó bú u. Gbogbo wa la mọ tùràrí láti kékeré, kò sì sẹ́nì kankan nínú wa tó kà á mọ́ èéfín rí. Èéfín ni èyí tó ń rùn, tó ń ba aṣọ jẹ́. Èyí tó bá ń ta sánsán, ìbùkún là ń pè é.

Àǹtí wò mí. "Ẹ máa mú ọmọ yín lọ tí a bá ṣọdún tán. Ṣùgbọ́n ẹ kúrò lẹ́yìn ògiri onísunwáyà yẹn o. Afẹ́fẹ́ Òṣogbo ṣì mọ́ ju tiyín lọ, ẹ kò lè bá mi jiyàn ìyẹn."

N kò bá wọn jiyàn. Ó mọ́ ju tiwa lọ lóòótọ́. A ti kó lọ sí Ìpọ̀nrí báyìí, fèrèsé wa kọjú sí ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ilé wa kò sì mọ tùràrí mọ́. Bó bá di Sátidé ìgbálẹ̀, a ó ti fèrèsé, a ó fi Husnah sínú ilé títí iná àdúgbò á fi kú. Ó ṣì máa ń wúkọ́ nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n n kò tún gbọ́ fée yẹn mọ́, mo sì ń sùn àsùnhanrun.

Ọjọ́ tí a ń bọ̀ láti Òṣogbo, Àǹtí Sùwébátù ló di ẹrù Husnah fúnra wọn. Wọ́n ń ká aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fọwọ́ nà án. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. N kò lè pa á mọ́ra, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Àǹtí, ẹ lè dákẹ́ lórí tùràrí yẹn o. Kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀."

Wọn kò gbójú sókè. "Mo rò ó," ni wọ́n wí. "Mi ò ní purọ́ fún ẹ, mo rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti lè mí nílé ìyá rẹ̀, ta lèmi tí màá fi ní kó wá mí nílé mi?"

Mo bú sẹ́kún. Wọ́n ní kí n dìde nílẹ̀, kí n lọ wá bàtà ọmọ, pé mọ́tò kò ní dúró dè wá.