Kòtò Kékeré Ara Bẹ́ǹṣì

Nígbà tí ọmọbìnrin náà wọ yàrá àtúnṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, òórùn ìda oyin gbígbóná ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Bẹ́ǹṣì tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń jókòó lé hunṣọ títí ọlọ́jọ́ fi dé wà lórí tábìlì, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin sì tẹ̀ba lé e lórí tòun tọ̀bẹ. Bàbá Dídán ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é; kò sí ohun àtijọ́ tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kì í kọ mọ̀nà.

Kòtò méjì ló wà lára bẹ́ǹṣì náà: ńlá kan láàárín, níbi tí ìjókòó ìyá àgbà ti jẹ igi wọlé, àti kékeré kan létí rẹ̀. Iṣẹ́ ọmọbìnrin yìí, tí kò tíì pẹ́ tó jáde ní yunifásítì, ni láti kọ àkọlé sí ohun àfihàn. Kòtò ńlá nìkan ló kọ nípa rẹ̀. Ìbàjẹ́ ló pe kékeré. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ìda ti dí kékeré pa, tí ọ̀bẹ sì ti ń kọjú sí ńlá, ó sún mọ́ tábìlì.

Kò lè jágbe mọ́ àgbà, síbẹ̀ kò gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó ní ẹ̀rí ni wọ́n ń pa rẹ́, àti pé bí bẹ́ǹṣì bá ti tẹ́jú tán, kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù.

“Lọ́yà, o kú ẹjọ́,” ni Bàbá Dídán wí, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rọra ṣàlàyé pé àwọn àlejò ń bọ̀ lọ́la, òun kò sì fẹ́ kí wọ́n wo ìjókòó ìyá òun kí wọ́n máa káàánú rẹ̀.

“Bàbá, tí ẹ bá dí i, kí ló kù tí a ó fi mọ̀ pé ẹnìkan jókòó síbẹ̀?”

Ọ̀bẹ dúró. Ọkùnrin náà wo ibi tó ti dí.

“Èyí, tèmi ni. Ibẹ̀ ni mo máa ń gbé ẹnu ìrànwú lé tí mo bá ń ran òwú fún un, ló fi dá kòtò. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa béèrè rẹ̀.”

Ojú ti ọmọbìnrin náà. Ó fa àkọlé rẹ̀ yọ, ó ya á, ó sì béèrè ìwé mìíràn.

Bàbá Dídán ti ń mú ọ̀bẹ rẹ̀ gbóná lórí iná. Ó ha ìda náà kúrò díẹ̀díẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú kòtò kékeré náà, ó sì ti ìka bọ̀ ọ́.

“Kọ ọ́ dáadáa,” ló wí, “kí wọ́n mọ̀ pé ìyá mi kò bí ọ̀lẹ.”