Ààbọ̀-Orí

Ẹ má bi mí pé ta ló sọ bábà tó ń gẹrun ládùúgbò wa ní Ààbọ̀-Orí, ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi fà á. Bó bá ti gẹ irun oníbàárà dé ìdajì, á pa kílípà, á nu ọwọ́, á wá bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ta ni yóò fi ìdajì irun jáde sí títì? Dandan ni kẹ́ni náà jókòó gbọ́. Iná ọ̀run àpáàdì, ọjọ́ ìdájọ́, ègún, gbogbo ẹ̀ ni á kó lé e lórí. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe é, kò rí ẹyọ ẹnì kan tó tẹ̀ lé e dé ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó sá lọ sọ́dọ̀ bábà ìsàlẹ̀ títì ló pọ̀.

Bàbá ẹ̀ nìkan ni kò dán irú ẹ̀ wò fún. Bàbá yìí ti fìgbà kan jẹ́ olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn ẹ̀ máa ń mi gíláàsì wíńdò. Àmọ́ látìgbà tí ìyàwó ẹ̀ ti kú, ó ti bá Ọlọ́run yan odì. Ó sọ fún ọmọ ẹ̀ kedere pé, "Tó o bá máa gẹrun mi, gẹ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan."

Ọdún mẹ́fà nìyẹn. Ni àìsàn inú bá gbé bàbá dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní àfi iṣẹ́ abẹ. Dókítà ò fi dá ẹnikẹ́ni lójú pé á yè é. Bàbá ní kọ́mọ òun wá gẹrun fóun láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun ò ní fi orí wúruwùru dùbúlẹ̀ níwájú àwọn nọ́ọ̀sì.

"Bó ò bá bá Bàbá sọ̀rọ̀ Ọlọ́run lónìí, ìgbà wo?" ni ìyàwó bábà wí, bó ṣe ń di kílípà sínú báàgì.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ ní akínyẹmí ara. Ẹ̀rù tó ń bà á ni pé kí bàbá òun má lọ kú pẹ̀lú odì náà lọ́kàn.

Ó so aṣọ mọ́ bàbá lọ́rùn lórí bẹ́ẹ̀dì onírin, ó bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Ó dé ìdajì. Ó pa kílípà, ó nu ọwọ́. Bàbá mọ ohun tó ń bọ̀, ó di ojú.

Bábà la ẹnu, ọ̀rọ̀ iná kọ̀, kò jáde. Èjìká tí bàbá fi máa ń gbé e kiri nígbà tó wà ní kékeré ti di egungun lásán lábẹ́ aṣọ yẹn. Ojú tì í. Ó rí i pé òun fẹ́ de bàbá òun mọ́lẹ̀ kóun tó sọ fún un pé Ọlọ́run fẹ́ràn ẹ̀. Irú Ọlọ́run wo gan-an lòun ti ń ròyìn fáwọn èèyàn láti ọjọ́ yìí? Omi bọ́ lójú ẹ̀. Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí ìyá ẹ̀ máa ń kọ nídìí abọ́ fífọ̀:

"Aláàánú ni, kì í rẹ̀ ẹ́,
Bí mo lọ jìnnà, ó ń retí mi."

Nígbà tó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ohùn kan tó ti há dara pọ̀ mọ́ tiẹ̀ nísàlẹ̀. Bàbá ló ń gbe orin. Ojú ẹ̀ ṣì wà ní dídì, omi sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jáde.

Nọ́ọ̀sì ti ilẹ̀kùn wọlé. "Bàbá, ó ti yá."

"Irun ò tíì parí," ni bábà wí.

"Dókítà ò lè dúró de irun, ẹ̀gbọ́n."

Bí wọ́n ṣe ń ti bàbá lọ, ó fọwọ́ kan orí ara ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ààbọ̀-Orí rí èmi náà mú lónìí."

Wákàtí mẹ́rin gbáko. Ààbọ̀-Orí tí mo mọ̀ yìí ò wàásù fún ẹnì kankan ní kọ́rídọ̀. Dókítà jáde, ó ní iṣẹ́ abẹ ti yọrí sí rere. Bábà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọkàn ẹ̀ balẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nírọ̀lẹ́, bàbá lajú. Bábà yọ kílípà, bàbá gbọ́wọ́ sókè dá a dúró.

"Mo mọ òfin ṣọ́ọ̀bù ẹ. Ìwàásù ló kàn."

"Bàbá mi, mi ò ní ìwàásù kankan."

"Orin ìyá ẹ yẹn. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó ṣì ń retí èèyàn?"

"Òótọ́ ni, Bàbá. Kò tíì rẹ̀ ẹ́."

Bàbá mí kanlẹ̀, ó yí ìdajì orí tó kù sí i. "Parí ẹ̀, jàre. Mi ò lè gbé ààbọ̀ orí wọ ṣọ́ọ̀ṣì."