Áátò Ìyá Dora

Láti ìgbà tí ìyàwó mi, Ìyá Dora, ti kú, kò sí ẹni tó mọ áátò orin rẹ̀ mọ́ àyàfi èmi. Òun ló ṣe orin náà fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Òde-Ayé, ṣùgbọ́n kò kọ áátò rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ àwọn obìnrin, sílẹ̀; òun nìkan ló sì máa ń kọ ọ́ lórin. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí kọ básì. Etí ni mo fi gbà á. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìsìn ìrántí rẹ̀. Ọ̀gá akọrin tuntun ní bí òun kò bá rí áátò náà lórí ìwé, tírẹ́bù, ohùn òkè, nìkan ni gbogbo wọn yóò kọ.

Sólfà ni mo mọ̀. Dora ọmọ wa fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń tẹ àmì orin sórí ìlà márùn-ún nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì gba Erinje lọ, níbi tí wọ́n ti ń bá a ṣe epo pupa.

Mo tẹ tírẹ́bù, ó dára. Mo tẹ áátò, tírẹ́bù pa rẹ́. Nígbà tí mo wá ọgbọ́n tí méjèèjì fi dúró, igi kan ṣoṣo, ìlà òòró ara àmì orin, ló gbé wọn: bí tírẹ́bù bá fa ohùn, áátò náà á fà á. Ìyá Dora kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí tírẹ́bù bá ń fà á gan-an ni tirẹ̀ máa ń rìn, mí, re, dò, kó tó gòkè padà.

Dora wọlé, ó ń nu epo ọwọ́ rẹ̀.

"Bàámi, ta lẹ dijú mọ́ báyìí?"

"Kọ̀ǹpútà rẹ yìí kì í gbọ́ràn."

Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ so Màámi mọ́ tírẹ́bù! Ohùn kìíní lẹ tẹ àwọn méjèèjì sí. Ẹ mú ohùn kejì fún áátò. Orí ìlà kan náà ni wọ́n á wà, ṣùgbọ́n kálukú á ní igi àti àkókò tirẹ̀. Igi tírẹ́bù á kọjú sókè, ti Màámi á kọjú sílẹ̀."

Mo mú ohùn kejì, mo tẹ áátò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Dora ní kó dún. Tírẹ́bù dúró, áátò rìn.

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Màámi nìyẹn."

"Jẹ́ kó tún dún."

Ní ìparí, áátò dákẹ́ díẹ̀ kí Àmín tó dé. Àmì ìdákẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀. Dora fẹ́ pa á rẹ́, ó ní ó ń dí ojú ìwé.

"Fi í sílẹ̀."

"Bàámi, kò kọ nǹkan kan níbẹ̀."

"Ibẹ̀ ló ti máa ń bojú wẹ̀yìn wò mí, kí n lè mọ ìgbà tí màá wọlé."

Ó fi àmì náà sílẹ̀, ó fà mí lọ sí ìlà ìsàlẹ̀.

"Ó ku tiyín, Bàámi."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ básì.