Ìpele Tó Wà Lókè

"Ẹ gbà mí o! Bẹ́ẹ̀dì yìí ti gbé mi mì!"

Màmá Aránṣọ ló nà gbalaja láàárín ṣọ́ọ̀bù, tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè bí ìjàpá tí wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀. Obìnrin tó ń ta ibùsùn fà á lọ́wọ́ ọ̀tún, àbíkẹ́yìn Màmá fúnra rẹ̀, obìnrin, fà á lọ́wọ́ òsì, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò jẹ́ kí wọ́n rí agbára lò.

"Èyí rọ̀ jù fún yín ni, mà," ọlọ́jà náà wí nígbà tí wọ́n fà á jókòó tán.

"Ìdí mi ló pọ̀ jù. Má wulẹ̀ bò mí láṣìírí. Mú òmíràn wá."

Ọlọ́jà ṣí síìpù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Ìpele rọ́bà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, wọ́n tò wọ́n léra bíi búrẹ́dì tí wọ́n gé. Oje igi rọ́bà ni wọ́n fi ṣe é, ihò wẹ́wẹ́ sì kún gbogbo ara rẹ̀. Ọ̀kan le, ọ̀kan wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ọ̀kan rọ̀ bí òwú.

"Ẹ̀yin lẹ máa yan èyí tó máa wà lókè àti èyí tó máa wà nísàlẹ̀. Bí kò bá bá yín lára mu, ẹ kàn máa ṣí síìpù, kẹ́ ẹ tún un tò."

Màmá fi ìka tẹ ìpele kọ̀ọ̀kan wò, bó ṣe máa ń tẹ aṣọ wò kó tó kì í sábẹ́ ẹ̀rọ. "Ó ti yé mi. Bíi kóòtù ni. Tinú ló ń jẹ́ kí tòde dúró dáadáa."

"Ta lẹ jọ máa sùn lórí ẹ̀, mà?"

"Dírẹ́bà mi ni. Ọjọ́ tí mo bá tún ń wá ẹlòmíràn, màá ránṣẹ́ pè ẹ́."

"Màmá!" ni ọmọ rẹ̀ wí. Ó yíjú sí ọlọ́jà. "Ẹ má dá wọn lóhùn. Bàbá wa ni. Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn wà, ẹ̀yìn wọn ò sì dáa mọ́. Dókítà ní kí wọ́n kúrò lórí fóòmù àtijọ́ yẹn. Tiwọn gbọ́dọ̀ le, ti Màmá sì lè rọ̀."

"Ìyẹn ò ṣòro rárá," ọlọ́jà wí. "A máa gé ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí méjì láti òkè délẹ̀. Kálukú á ní tiẹ̀. Bí ẹnì kan bá yí, ẹnì kejì ò ní mọ̀."

Ẹ̀rín kú lójú Màmá Aránṣọ.

Ìgbà tí wọ́n ń gbé yàrá kan ni wọ́n ra fóòmù tó wà nílé. Orí ọkọ̀ akẹ́rù ni Dírẹ́bà dè é mọ́ wálé, ó ń fun fèrè lọ́nà kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé àwọn náà ti kúrò lórí ẹní. Díẹ̀díẹ̀ ni àárín rẹ̀ jìn, títí ó fi di kòtò. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná, inú kòtò ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí. Bí tọkọtaya bá sì jà, wọ́n á kọ ẹ̀yìn síra, oníkálukú létí tirẹ̀, wọ́n á di ojú pọ̀ bí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Oorun á gbé wọn lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti yí wọ inú kòtò, orúnkún ọkọ á wà níkùn ìyàwó, gèlè ìyàwó á wà lẹ́nu ọkọ. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ máa bá ẹni tó ń jẹ gèlè rẹ̀ jà lọ?

Ṣùgbọ́n láti ìgbà òjò èṣí ni Dírẹ́bà ò ti wá sí kòtò mọ́. Ògiri ló ń kọjú sí. Màmá nìkan ló ń jí nínú kòtò bí ìṣáná tó ṣẹ́kù sínú páálí. Ó ti wo dígí títí. Ó ti pààrọ̀ ìpara. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn wọ̀nyí wá fẹ́ fi ọ̀bẹ gé èyí tó kù.

Kò jẹ́ kó hàn. Ó gorí ìpele líle, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. "Èyí á bá a lára mu."

"Ṣé Bàbá tóbi tó yín, mà?"

"Òun kẹ̀? Gé mi sí méjì, kó o wá yọ orí àti ìdí kúrò, ohun tó bá kù ni òun."

Ọlọ́jà mi orí. "Ẹ ò lè bá wọn yàn án, mà. Ohun tó ń tẹ̀ lábẹ́ yín, bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló máa rí lábẹ́ wọn. Àwọn fúnra wọn ló gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ lé e."

Ó ya Màmá lẹ́nu. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, òun ló ń rán ṣòkòtò ọkùnrin yìí, kò lo tépù rí, ojú ló fi ń wọ̀n ọ́n. Àṣé ara wà tí ojú òun ò lè wọ̀n.

Ọmọ gbé mọ́tò, ó lọ gbé bàbá rẹ̀. Ọ̀pá ni Bàbá fi wọlé, ó sì ń ráhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Ibi tí mo bá ti sùn náà ni mo sùn. Èwo ni ti kí wọ́n máa gbé mi wá dán wò bíi taya?"

"Ẹ dùbúlẹ̀ jàre, Bàbá," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ìpele líle wà nísàlẹ̀, ti ìwọ̀ntúnwọ̀nsì wà lókè. Bàbá dùbúlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Kò ráhùn mọ́.

"Ó ti bá wọn lára mu," ọlọ́jà wí. "Ṣùgbọ́n ẹ dẹ ọwọ́ yín, sà. Kí lẹ ń dì mú?"

Gbogbo wọn wò ó. Ọwọ́ òsì Bàbá ti di etí bẹ́ẹ̀dì mú pinpin, iṣan ọwọ́ rẹ̀ le. Òun náà wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

"Ó ti mọ́ mi lára ni."

"Kí ló mọ́ yín lára?" ni Màmá bi í.

"Kòtò yẹn ni. Bí mo bá ti yí sínú ẹ̀, ẹ̀yìn mi á ké bí irin tí ò ní gírísì. Mo kúkú máa ń di etí bẹ́ẹ̀dì mú di àárọ̀."

"Láti ìgbà òjò èṣí?"

"O mọ̀ ọ́n?"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ pé kí ni? Pé mi ò lè dé ọ̀dọ̀ ìyàwó mi mọ́?" Ó wo àjà. "Ó sì dá mi lójú pé tí mo bá sọ ọ́, o máa gbé fóòmù yẹn jù síta. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Màmá gbé ọwọ́ lé àyà. "Mo rò pé òórùn mi ló ń lé yín ni! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pààrọ̀ ìpara!"

"Èyí tó ń rùn bí òróró ẹ́ńjìnnì yẹn? Ìyẹn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀yìn fi dùn ún. Màmá náà ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi etí ìró nu ojú. Nígbà tó mú ohùn rẹ̀ bọ̀ sípò, ó yíjú sí ọlọ́jà.

"Ìwọ ọmọ yìí, gé ìpele méjì tó wà nísàlẹ̀. Tiẹ̀ kó le, tèmi kó rọ̀. Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan tòkè. Odindi ni mo fẹ́ ẹ, kí n má rí ojú ìrán kankan níbẹ̀."

"Bẹ́ ẹ bá ń yí, wọ́n á máa mọ̀ ọ́n lára o, mà."

"Kí wọ́n mọ̀ ọ́n."

Ọlọ́jà lọ sẹ́yìn láti gbé odindi ìpele tó gba ẹni méjì wá. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ tán, Bàbá tún dùbúlẹ̀, ó sì fọwọ́ tẹ ibi tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ṣé èmi nìkan ni wọ́n fẹ́ dán wò ni?"

Màmá Aránṣọ gun orí bẹ́ẹ̀dì. Ó jókòó, ó dùbúlẹ̀, ó dúró kí nǹkan gbé e lọ sáàárín bíi ti kòtò ilé. Nǹkan kan ò gbé e. Ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara rẹ̀, ó sún díẹ̀, ó tún sún, lójú ọmọ, lójú ọlọ́jà, títí èjìká rẹ̀ fi kan ti ọkọ rẹ̀.