Ìwé Ẹ̀rí Odò

Òjìji olórí apẹja kàn bọ́ sórí adágún onísìmẹ́ǹtì kan ni àwọn ọmọ ẹja bá rọ́ wá, wọ́n la ẹnu sílẹ̀. Ó fà sẹ́yìn.

"Ẹja wo ni èyí tí ń kí apẹja káàbọ̀?"

Ọmọbìnrin rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Wọ́n rò pé oúnjẹ lẹ mú wá ni, Bàbá."

Òun ni ọ̀gá ibẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja tí wọn yóò dà sínú odò tí ẹja ti tán. Ó mú bàbá rẹ̀ wọ yàrá tí wọ́n ti ń pa ẹyin, ó tún mú un dé ibi tí wọ́n ti ń ya ńlá kúrò lára kékeré kí wọ́n má baà jẹ ara wọn. Orí bàbá wú. Ọmọ tí òun fi owó ẹja rán níléèwé ló wá ń bí ẹja fún odò!

Nínú ọ́fíìsì, ọmọ náà gbé ìwé kan síwájú rẹ̀.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Pé odò ti mọ́. Bí ẹ̀yin bá fọwọ́ sí i, àwọn apẹja yòókù á gbà."

"Ilé-iṣẹ́ aláró tó ń da ìdọ̀tí sódò ti dáwọ́ dúró ni? Àná ni mo débẹ̀, omi ṣì pupa."

Ọmọ náà ń to ìwé tó ti tò tẹ́lẹ̀. "Àwọn ló ń gbọ́ bùkátà ibí yìí, Bàbá. Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi."

"Àwọn ọmọ ẹja yẹn ńkọ́?"

"A máa sin òmíràn."

Ọ̀rọ̀ di àfàgò kẹ́yin àparò. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí òun bá sọ̀rọ̀, ọmọ ta ni ebi yóò pa? Ó gba bírò, ó fọwọ́ sí i.

"Ẹ ṣé gan-an, Bàbá." Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó dìde, ó ti ìwé mọ́ inú dúrọ́ọ̀, ó sì wo aago.

Bàbá dá nìkan rìn jáde. Ọdún márùn-ún ni ọmọ òun ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òní ló kọ́kọ́ ránṣẹ́ pe òun.

"Ṣé ọmọ yín lẹ wá kí, Bàbá?" ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì béèrè tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Rárá o," ni ó dáhùn. "Iṣẹ́ ni wọ́n pè mí sí."